Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Màlúù

Òdòdó ni wọ́n fẹ́ fi lé Enid Lund kúrò lórí ìtàgé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mi ò pè é ní ẹgba, mi ò sì pè é ní èébú. Òdòdó ni, pẹ̀lú àga onítìmùtìmù kan níwájú gbọ̀ngàn, àti oyè kan tó gùn bí ọ̀nà oko: Ààrẹ Ọlọ́lá Títí Ayé fún Ẹgbẹ́ Eléré Askerby. Clive Renshaw, alága wa, ló ka oyè náà sókè nípàdé ìgbìmọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Enid gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Oyè náà dáa," ó ní. "Ipa wo ni mò ń kó nínú eré ọdún yìí?"

"Ẹ ò ní kó ipa kankan, Mìsíìsì Lund. Ohun tí oyè náà wà fún gan-an nìyẹn. Ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ ó jókòó síwájú, ẹ ó máa wòran, tí eré bá sì parí, a ó gbé òdòdó fún yín."

"Clive, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń gbé òdòdó fún èèyàn tí kì í fèsì. Itẹ́ òkú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni. N kò tíì ṣetán àtilọ síbẹ̀."

Wilf Garth, tó máa ń fa aṣọ ìkélé fún wa, fi tíì há ara rẹ̀ lọ́fun. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Clive nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé oore lòun ń ṣe. Ìyẹn ló sì le jù nínú ọ̀rọ̀ Clive: kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ adójútòfò nílùú ńlá, ó wá ra ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò wa, ó tún iná ìtàgé ṣe, ó bá wa rán aṣọ ìkélé tuntun, ó sì máa ń fọ ife lẹ́yìn ìpàdé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ọ̀tá tó ń fọ ife fún ni ṣòroó bá jà.

Èmi ni Olive. Èmi ni mo máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀ ìtàgé pẹ̀lú ìwé eré lórí itan, tí mo máa ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún òṣèré tó bá gbàgbé. Nítorí náà, ojú mi ló ṣe nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Enid dúró láàárín ìtàgé, ọ̀rọ̀ sì pòórá mọ́ ọn lẹ́nu. Mo yọ́ ọ sọ fún un, kò gbọ́. Mo tún un sọ, gbogbo àwọn tó jókòó síwájú gbọ́ àfi òun nìkan. Ni Clive bá jáde láti ẹ̀gbẹ́, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó sì rọra fà á wọlé bí ìgbà tí wọ́n ń fa afọ́jú kọjá títì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, irú àtẹ́wọ́ tí wọ́n máa ń pa fún ọmọ tó ṣubú níbi eré ìje. Enid kò bínú sí ìgbàgbé yẹn rárá. Ọwọ́ tí wọ́n fi fà á wọlé ni kò dárí jì. Ẹni tí ẹṣin dá ṣáà ń tún un gùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹ́ ta ẹṣin náà mọ́ ọn lójú.

"Ìtìjú yín ni mò ń bò," Clive ń sọ nípàdé náà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn máa wò yín báyẹn mọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ojú ń tì mí?"

Ẹ̀rọ amúlégbóná ara ògiri ń ké ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́, òjò sì ń rọ̀ lu páànù.

"Ipa ni mo fẹ́," Enid ní. "Èyíkéyìí."

"Kò sí èyí tó ṣẹ́ kù, Mìsíìsì Lund. A ti pín gbogbo ẹ̀."

Ni Barney Petch, tó ń sin màlúù ní tòótọ́, tó sì ń ṣe orí àti ẹsẹ̀ iwájú màlúù lórí ìtàgé lọ́dọọdún, nínú awọ tí èèyàn méjì máa ń wọ̀ pọ̀, bá họ orí. "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mi ṣì ṣófo o. Ẹni tó ń ṣe é ti kó lọ sí Leeds."

Ó fi ṣàwàdà ni. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Clive: ó ti rò ó pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn màlúù kì í sọ̀rọ̀, ẹni tí kò sì sọ̀rọ̀ kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyá àgbà wo ló máa gbà láti tẹ̀ kòòkòò nínú awọ màlúù, kó fi orí ti ìdí Barney Petch láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin? Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Tí Mìsíìsì Lund bá fẹ́ ẹ, èmi ò lòdì sí i."

"Mo fẹ́ ẹ," Enid ní. "Mo fún wàrà lára màlúù títí irun mi fi funfun. Kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀yìn màlúù tó mi nílé yìí."

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ẹni tó máa mọ ohun tí Enid ń jà fún láìjẹ́ pé ó mọ ìyẹn. Ìyàwó tuntun ni nígbà náà, Jim Lund tó ní oko lókè odò ló fẹ́ ẹ. Ó kó àwọn ìyàwó àgbẹ̀ jọ, ó kọ eré Kérésìmesì fún wọn, wọ́n sì ń dánra wò nílé ìdáná rẹ̀. Lọ́jọ́ eré gan-an, àwọn àgbààgbà tí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ wọn ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n ní obìnrin ilé kì í kun ojú kó máa fò sókè sódò níwájú ọkọ ọlọ́kọ. Ẹlòmíì ì bá sunkún lọ sílé. Enid ní kí gbogbo èèyàn máa tẹ̀ lé òun nínú yìnyín, ó kó wọn lọ sí ilé màlúù ọkọ rẹ̀, ó fi aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ṣe ìkélé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ eré láàárín màlúù.

Nígbà tó ku ìlà ìkẹyìn, tó jẹ́ pé Enid fúnra rẹ̀ ló fẹ́ sọ ọ́, màlúù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́mú figbe bọnu. Ó ké, ó ké, kò dákẹ́. Jim bá na ọwọ́ sí aṣọ ìkélé, ó fẹ́ tì í kí ilẹ̀ tó ṣú jù.

"Jim Lund," Enid ní, "tí o bá fọwọ́ kan aṣọ yẹn, garawa wàrà yìí á bá ẹ lórí. Eré ò tíì parí. Wọn ò tíì gbọ́ ìlà ìkẹyìn."

Wọ́n sì dúró. Gbogbo abúlé dúró nínú òtútù títí màlúù fi pa ẹnu mọ́, Enid sọ ìlà rẹ̀, wọ́n wá ti aṣọ. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin wa: a kì í ti aṣọ ìkélé títí àwọn èèyàn yóò fi gbọ́ ìlà ìkẹyìn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbààgbà ṣí gbọ̀ngàn fúnra wọn, nítorí ìyàwó tiwọn náà ti wà nínú eré.

Òfin kejì kì í ṣe tiwa nìkan. Ibi gbogbo tí wọ́n ti ń ṣe eré Kérésìmesì nílẹ̀ yìí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n: ìlà méjì tó kẹ́yìn eré, wọn kì í sọ wọ́n jáde ṣáájú alẹ́ eré. Wọn kì í sọ wọ́n níbi ìdánrawò. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á dákẹ́, tàbí kí wọ́n ka nọ́ńbà dípò wọn. Ẹni tó bá sọ wọ́n ti ba eré jẹ́. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, Enid ló máa ń kọ eré, òun ló sì máa ń sọ ìlà méjì náà, orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì máa ń wà. Nínú ìwé mi, òfìfo ni ibẹ̀ máa ń jẹ́. Ṣé ó yé yín? Tí ó bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, mo lè gbà á. Tí ó bá gbàgbé méjì yẹn, èmi àti ìwé mi, a kàn jẹ́ ẹni tó wá wòran ni.

Eré ọdún yẹn dá lórí màlúù kan tó gbé aago ṣọ́ọ̀ṣì mì. Olówó abúlé, tó burú, tó ní irùngbọ̀n dúdú, ní kí wọ́n pa màlúù náà kí wọ́n yọ aago. Àwọn ará abúlé ní wọn ò gbà. Clive ló ń ṣe olówó burúkú náà, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìṣe àwọn òǹwòran wa ni pé ohunkóhun tí ẹni burúkú bá sọ, wọ́n á fi ohùn kan ta kò ó. Tó bá ní òjò ń rọ̀, wọ́n á ní òjò ò rọ̀. Láti kékeré la ti ń kọ́ ọ, ó wà lẹ́jẹ̀ wa.

Ẹ̀yìn màlúù ni aago wà, Enid ló sì mú un dání. Tí ẹnì kan bá bi màlúù ní ìbéèrè, aago á dún nínú ikùn rẹ̀. Láti ìdánrawò àkọ́kọ́ la ti rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Tí Barney bá lọ sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á fẹ́ lọ sósì. Tí Clive bá ń sọ ọ̀rọ̀ gígùn, ìrù á gbéra, á máa lé eṣinṣin tí kò sí. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá.

"Mìsíìsì Lund," Clive á ní, "kò sí ìyẹn nínú ìwé."

Aago á dún lẹ́ẹ̀kan.

"Ó ní òun ló kọ ìwé," Barney á túmọ̀.

Clive ti pinnu pé òun ni yóò sọ ìlà méjì tó kẹ́yìn. Enid kò fún un ní tirẹ̀, ni Clive bá kọ méjì fúnra rẹ̀. Lálẹ́ ìdánrawò tó kẹ́yìn, tí a ti wọ gbogbo aṣọ, tí iná wà ní títàn, ó rìn wá sí iwájú ìtàgé, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì sọ ọ́ síta gbangba:

"Màlúù ti pọ aago, ayọ̀ ti dé sílé wa,
Ẹ máa lọ ní àlàáfíà, ẹ tún padà wá lámọ́dún."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wilf jọ̀wọ́ okùn aṣọ ìkélé. Obìnrin tó ń bá wa tẹ dùùrù fi ọwọ́ bo ẹnu. Barney bọ́ orí màlúù kúrò lórí, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Clive! Kí lo ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iná kàn mí níbẹ̀ ni. Ìdánrawò là ń ṣe, àbí?"

"Wọn kì í dánra ìyẹn wò!" Wilf pariwo. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ta ló tọ́ ẹ dàgbà?"

"Ẹ̀yin èèyàn mi, àlọ́ àwọn ìyá arúgbó lẹ ń sọ yìí. Ọ̀rọ̀ lásán ni." Ṣùgbọ́n ó wo ojú wa, kò sí ẹnìkan tó ń rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ sì ń kéré sí i. "Kí ló wá kù tí a lè ṣe sí i?"

Aago dún nínú màlúù. Ohùn Enid jáde láti inú ìdí rẹ̀, ó rọ, ṣùgbọ́n ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa.

"Àwọn méjì yẹn ti kú, Clive. Wọn kì í fi òkú parí eré. Mo ní méjì tó wà láàyè níbí."

"Ó dáa. Ẹ kà wọ́n fún wa ká gbọ́ bóyá ẹ rántí wọn."

"Kí n pa tèmi náà? Èyí tí o pa lẹ́ẹ̀kan ò tíì tó ni?"

Clive bọ́ irùngbọ̀n rẹ̀ kúrò. Ó rẹ̀ ẹ́, mo rí i. "Mìsíìsì Lund, tí ẹ bá dúró níwájú gbogbo abúlé, tí ọ̀rọ̀ náà kò wá, kò sí ẹni tó lè gbà yín. Kò sí nínú ìwé Olive pàápàá. Èmi ni màá sọ tèmi lọ́la. Ó ti parí."

Lẹ́yìn náà, mo bá Enid nínú yàrá tíì. Ó ti bọ́ ẹsẹ̀ màlúù dé orókún, ó jókòó sórí àpótí, ẹ̀yìn ń dùn ún, kò sì fẹ́ kí n mọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn.

"Enid, bá mi sọ òótọ́. Ṣé o rántí wọn?"

Ó wo ife rẹ̀.

"Mo rántí wọn láàárọ̀ yìí."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Gbé bisikíìtì yẹn fún mi."

Mo gbé bisikíìtì fún un. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Lálẹ́ eré, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Alẹ́ kan ṣoṣo la máa ń ṣe eré wa, nítorí náà kò sí ẹni tó ń dúró nílé. Àwọn àgùntàn ìlú nìkan ni kò wá. Eré sì dùn, mi ò ní fi ìlara bo òtítọ́: Clive dùn-ún wò, ó burú débi pé àwọn ìyá ń ju ìwé súìtì lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn màlúù ló ni alẹ́ náà. Ó jókòó lé dùùrù. Ó fi ìrù nu imú olówó burúkú. Nígbà tí wọ́n bi màlúù bóyá ẹ̀rù ikú ń bà á, aago náà dún kíkankíkan, gbogbo ilé sì gba ẹ̀rín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n rò pé ọ̀dọ́kùnrin kan ni.

Ó wá ku ìlà méjì. Màlúù ti sín, aago ti jáde, olówó burúkú ti ronú pìwà dà. Clive rìn wá síwájú, ó gbé ọwọ́ sókè, ó la ẹnu.

Aago dún.

Ó dúró. Ó tún la ẹnu. Aago tún dún. Àwọn òǹwòran ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ara eré ni. Clive fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ̀rọ̀: "Barney, mú un kúrò níbẹ̀."

"Mùúù," Barney ní.

Ni màlúù bá já sí méjì. Ìdí rẹ̀ kúrò lára orí rẹ̀, ó nà tọ̀ọ̀, awọ sì yọ̀ wálẹ̀, Enid Lund sì yọ jáde. Irun funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ iwájú orí fún òógùn, ó wọ ṣòkòtò onírun màlúù, ìrù ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Ni ariwo bá sọ, "Enid ni! Enid ló wà níbẹ̀!" Ó rìn kọjá lára Clive bí ẹni tó kọjá lára àga, ó dúró síbi tí iná ti mọ́lẹ̀ jù, ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì dákẹ́ fún un.

"Wọ́n ní kí màlúù kú, aago sì ń dún níkùn rẹ̀," ó ní.

Ohùn yẹn! Ohùn tó bo igbe màlúù nínú yìnyín nígbà náà lọ́hùn-ún.

Ó la ẹnu fún èkejì. Èkejì kò wá.

Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo wo ìwé orí itan mi, òfìfo ló ń wò mí padà. Mo mọ ẹ̀yìn Enid, mo rí i bó ṣe le gbagidi, mo mọ̀ pé ó ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri nínú orí rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú ilé tí iná ti kú. Ẹnì kan wúkọ́. Ní ìlà iwájú, mo rí ojú àánú yẹn tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ojú ọdún tó kọjá. Mo ń gbàdúrà, èmi tí kì í gbàdúrà. Clive na ọwọ́. Ó na ọwọ́ yẹn jẹ́jẹ́, pẹ̀lú inú rere, ó fẹ́ fà á wọlé.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò," Enid ní.

Kò sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ. Clive ká ọwọ́ kò, ó sì ṣẹ́jú sí Wilf pé kó ti aṣọ ìkélé. Wilf káwọ́ gbera.

"N kò tíì gbọ́ ìlà ìkẹyìn," Wilf ní.

Enid kọjú sí àwọn èèyàn.

"Mo ti gbàgbé ẹ̀," ó ní. "Ó wà lẹ́nu mi láàárọ̀, ó ti lọ. Ẹ wò mí dáadáa. Ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dúró yìí, ojú ò tì í. Inú ilé màlúù ni mo ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi, inú màlúù náà ni mo sì ti jáde lálẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ́wọ́ àánú fún mi, kó lọ pa á fún màmá ẹ̀ nílé. Èmi ò kú. Mo gbàgbé ni."

Clive, tí nǹkan ti dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́, tó kàn ń wá bí gbogbo wa yóò ṣe bọ́ níbẹ̀, bọ́ síwájú pẹ̀lú irùngbọ̀n dúdú rẹ̀, ó sì ṣe àṣìṣe kejì rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà.

"Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun. Eré ti parí."

Ẹni burúkú ló sọ̀rọ̀. Kí ló tún kù? Gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, pẹ̀lú ìyàwó pásítọ̀ níwájú, dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà:

"Kò tíì parí o!"

"Rárá, rárá, mo ní ó ti parí ní tòótọ́."

"Kò tíì parí o!"

"Ó ti parí!"

"KÒ TÍÌ PARÍ O!"

Wọ́n ti dìde dúró. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu pákó, eruku ń jábọ́ láti òkè àjà. Enid dúró láàárín gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìrù màlúù lẹ́yìn, ó sì jẹ́ kí wọ́n pariwo títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́ òfin wa," ó ní. "Ìlà ìkẹyìn ò tíì jáde, eré ò parí, aṣọ ò ní tì. Màá wá parí ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ lọ mu tíì."

Ó sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ó rìn gba àárín àwọn òǹwòran kọjá lọ síbi tíì. Àtẹ́wọ́ ọjọ́ yẹn kì í ṣe ti ọmọ tó ṣubú níbi eré ìje. Mo ti gbọ́ oríṣi méjèèjì, mo mọ ìyàtọ̀ wọn.

Clive wá bá wa nídìí tábìlì kéèkì. Ó ti bọ́ irùngbọ̀n, ibi tí gọ́ọ̀mù fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti pupa.

"Mìsíìsì Lund. Mo rò pé mo ń ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò ṣe gbá ẹ létí."

Ó mú kéèkì kan. "Ìlà kejì yẹn... kí ló jẹ́ gan-an?"

"Fún mi ní ipa lọ́dún tó ń bọ̀, wàá gbọ́ ọ."

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, kò sí ẹni tó dárúkọ oyè. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ yọ ẹni tí òpin eré wà lọ́wọ́ rẹ̀? Aṣọ ìkélé wa wà ní ṣíṣí láti ọjọ́ náà. Àwọn abiyamọ tó ń kó ìkókó wá sí gbọ̀ngàn láàárọ̀ Ọjọ́rú bá a ní ṣíṣí, àwọn tó ń na ara lórí ẹní bá a ní ṣíṣí, wọ́n ń bínú pé atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n ní kí Wilf tì í. Wilf ní kí wọ́n lọ bá Enid sọ ọ́. Wọn ò lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá a nílé. Àwọn ọmọ àgùntàn ti wà nínú pápá, Enid sì ń bó ànàmọ́ nídìí fèrèsé, ó wọ ṣòkòtò onírun náà. Ó ní ó móoru. Mo jókòó, mo mu tíì mi tán, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Enid, ìlà yẹn. Ṣé o ti rántí ẹ̀?"

"Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mò ń fọ eyín lọ́wọ́ ló wá."

Mo wo ojú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà èwe wa, síbẹ̀ n kò lè sọ bóyá òótọ́ ni.

"Ó dáa, sọ ọ́ fún mi. Èmi nìkan ni."

"Olive!" Ó gbé ọ̀bẹ ànàmọ́ sílẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó bá olè nílé ìdáná rẹ̀. "O mọ̀ dáadáa pé wọn kì í sọ ọ́ ṣáájú alẹ́ eré."

Ó tún mú ànàmọ́ mìíràn.

"Sọ fún Barney kó máa múra," ó ní. "Èmi ni màá ṣe iwájú lọ́dún yìí."